Tábà Ọdún tí Ajíṣafẹ́ Pò

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ sí i, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kí àwọn tí ó wà lẹ́yìn bọ́ sí iwájú, nítorí ohùn mi kò lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ sọ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń fẹ́ sọ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ rí èmi tí mo jókòó síwájú yín yìí, mo ti fi ọwọ́ lásán fa ọ̀nì jáde nínú ihò rẹ̀ rí, mo ti lo oṣù kan nínú igbó tí ẹyẹ kì í fò kọjá lórí rẹ̀, ara mi kò sì bù máṣọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí Ọdẹ́jìnmí jókòó tì mí, tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn yìí fún mi, mo da ẹmu sí ara láìmọ̀. Ìtàn náà kì í ṣe tèmi. Tirẹ̀ ni. Bí ó ṣe sọ ọ́ ni èmi náà yóò ṣe sọ ọ́, n kò ní fi kún un.

Ọdẹ ni Ọdẹ́jìnmí ní ìlú Òkè-Ìgbín. Ìbọn rẹ̀ kì í tàsé, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ràn jù láyé, kò ní dárúkọ ìbọn. Tábà ni yóò dárúkọ. Kì í ṣe pé ó ń tà á o. Ohun tí ó fi ń ṣe fàájì ni, ohun tí ó fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Bí ọdún ọdẹ bá ti ku oṣù mẹ́ta, yóò ká ewé tábà tí ó gbìn sí ẹ̀yìn ilé, yóò sá a, yóò rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, yóò wọ́n oyin sí i, yóò kó o sínú orù amọ̀, yóò fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé e, yóò sì máa ṣí i wò láràárọ̀ bí abiyamọ tí ń wo ọmọ tuntun. Ọdọọdún ló ń yí bí ó ṣe ń pò ó padà, ọdọọdún ló sì ń fún un ní orúkọ. Ní ọdún kan ó pè é ní Ẹ̀rín-Àgbà. Ní ọdún mìíràn ó pè é ní Má-Tíì-Lọ.

Bí ọjọ́ ọdún bá wá pé, tí àwọn ọdẹ bá ti jẹun tán lábẹ́ igi ọsàn ńlá tí ó wà níwájú ilé Olúọdẹ, wọn yóò na ìkòkò tábà wọn sí Ọdẹ́jìnmí lọ́kọ̀ọ̀kan, òun yóò sì máa bù ú sí i fún wọn. Láìpẹ́ èéfín yóò bo igi náà mọ́lẹ̀. Àwọn tí wọn kò kí ara wọn láti ọdún tó kọjá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín pọ̀. Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé tábà yẹn gan-an ni ọdún, pé ẹran tí wọ́n jẹ ṣáájú kàn wá ṣílẹ̀kùn fún un ni. Ọdẹ́jìnmí máa ń gbọ́ ọ, orí rẹ̀ a sì máa wú.

Ajíṣafẹ́ ni àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà tí ìyá wọn kú, bàbá wọn sì ti lọ ṣáájú, nítorí náà Ọdẹ́jìnmí ló tọ́ ọ dàgbà. Òun ló kọ́ ọ ní ìbọn, òun ló sì fẹ́ ìyàwó fún un, obìnrin kan tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ajíṣafẹ́ náà kò mọ ẹlòmíràn láyé tó ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Bí Ọdẹ́jìnmí ṣe ń rìn ni òun náà ń rìn, bí ó ṣe ń wúkọ́ ni òun náà ń wúkọ́, títí àwọn ènìyàn fi ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀.

Ní ọdún kan, nígbà tí wọ́n jẹun tán, tí Ọdẹ́jìnmí ti ń tú okùn orí orù rẹ̀, Ajíṣafẹ́ dìde láàárín àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ, ó gbé àdó kékeré kan lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní òun náà po tábà ọdún kan, òun sì fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun kọ́kọ́ fà á kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àwọn ọdẹ pàtẹ́wọ́. Olúọdẹ ní inú òun dùn sí i, kí Ọdẹ́jìnmí tọ́ ọ wò.

Kí ló ṣe Ọdẹ́jìnmí ní ọjọ́ náà? Òun fúnra rẹ̀ kò lè sọ. Ó ní nígbà tí òun gbọ́ àtẹ́wọ́ yẹn, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń fi sin òun jáde nílé. Ó gba àdó náà. Kò gbé e sí imú. Ó da tábà inú rẹ̀ sílẹ̀ níṣojú gbogbo wọn, ó ju àdó náà sí i, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́ erùpẹ̀, ó sì ní, "Ọmọ tí mo ń nu ikun imú fún ló fẹ́ po tábà fún mi mu."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ajíṣafẹ́ bẹ̀rẹ̀, ó mú àdó rẹ̀, ó padà síbi tí ó jókòó sí, ó sì jókòó síbẹ̀ títí ọdún fi parí, kò bínú jáde, kò sì na ìkòkò tábà rẹ̀ gba ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta ó dá nìkan wọ igbó lọ. Ẹfọ̀n ló pa á. Ọdẹ́jìnmí ló gbé òkú rẹ̀ wálé ní èjìká, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e.

Oṣù mẹ́jọ kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́, Àwẹ̀ró wá sí ilé Ọdẹ́jìnmí, ó gbé orù kékeré kan dání. Ó ní òun ń tún yàrá ọkọ òun ṣe ni òun rí i lábẹ́ ibùsùn, ìyókù tábà ọdún tí ó pò ló wà nínú rẹ̀, òun kì í sì í mu tábà. Ó gbé e kalẹ̀, ó lọ. Ọdẹ́jìnmí ń wo orù náà títí. Tirẹ̀ ti tán nílé, ọwọ́ rẹ̀ sì ń wá ohun tí yóò ṣe. Nígbà tí ó yá, ó bù díẹ̀ sínú ìkòkò tábà, ó fi ẹyin iná lé e, ó fà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń mu tábà níbí, ẹ ó mọ ohun tí mo ń sọ. Èyí tí ó kọ́kọ́ kan ahọ́n rẹ̀ ni ọsàn, kì í ṣe ọsàn tútù, bí kò ṣe òórùn èèpo rẹ̀ nígbà tí oòrùn ti pa á. Oyin tẹ̀lé e, ó rọra ń bọ̀, kò jó ahọ́n. Lẹ́yìn náà ni ohun kan gbóná díẹ̀ lọ́nà ọ̀fun, bí ìgbà tí ènìyàn gbé ọbẹ̀ ata mì nígbà òtútù. Nígbà tí ó wá tú èéfín náà jáde, ohun kan kù ní ẹnu rẹ̀ tí kò mọ orúkọ rẹ̀, tí ó sì dá a lójú pé òun mọ̀ ọ́n. Ó pa ojú dé. Ó ń fà á díẹ̀díẹ̀ títí oòrùn fi dé àárín orí, kò rántí oúnjẹ. Nínú gbogbo tábà tí ó ti pò láti ọgbọ̀n ọdún, kò sí ọ̀kan tí ó tó èyí. Nígbà tí ó jó tán, ó gbọn eérú rẹ̀ dànù, ó sì bú sẹ́kún.

Láti ọjọ́ náà, kò gbádùn mọ́. Bí ó bá fẹ́ jẹun, ọ̀rọ̀ tí ó sọ lábẹ́ igi ọsàn yóò sọ sí i lọ́kàn, yóò sì ti àwo oúnjẹ sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó kó tábà tó kù sínú àpò awọ, ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀, ó sì sọ fún Àwẹ̀ró pé òun ń lọ sí ìlú tí àwọn òkú wà, òun fẹ́ lọ sọ fún Ajíṣafẹ́ pé tábà rẹ̀ dára. Àwọn ọdẹ ní orí rẹ̀ ti dàrú. Àwẹ̀ró kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ó lọ.

Gbogbo ọdẹ ló mọ ibi tí ọ̀nà yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Igbó Àìdáhùn ni, níbi tí ènìyàn yóò ti pariwo títí tí kò ní gbọ́ ohùn ara rẹ̀ padà. Èmi náà ti dé ẹnu rẹ̀ rí, mo sì yí padà, ojú kò sì tì mí láti sọ ọ́, bí mo tilẹ̀ jẹ́ akọni tó yìí. Ọdẹ́jìnmí wọ ibẹ̀. Ó ní àwọn igi ibẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí òun bí òun ṣe ń kọjá. Ó ní alángbá ń fò, ẹyẹ ń rákò, ejò kan sì jókòó létí ọ̀nà tí ó ń ka orúkọ gbogbo ẹran tí òun ti pa láti ìgbà èwe, láìfo ọ̀kan. Òun kò bẹ̀rù ìwọ̀nyí. Àfi ìgbà tí ó kan Onímú-Méje.

Iwin ni Onímú-Méje. Ó ga tó igi àgbọn méjì, kò ní ojú, kò ní etí, imú méje ló kún orí rẹ̀. Ọ̀kan tóbi bí àmù, ọ̀kan tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́. Ọdẹ́jìnmí yìnbọn sí i, ìbọn kọ̀. Ó fa àdá yọ, àdá náà ká bí ewé. Iwin náà fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó sì bi í pé, "Kí ni o gbé lọ́wọ́ tí kì í ṣe tìrẹ, tí o ti dà nù rí, tí o wá ń pa mọ́ra báyìí bí ẹ̀mí rẹ?"

Ọdẹ́jìnmí ní tábà ni. Iwin náà bi í pé ta ló pò ó, Ọdẹ́jìnmí ní àbúrò òun ni. Iwin náà bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀. Òun tí gbogbo ìlú ń pè ní ọ̀gá àwọn tí ń po tábà, kò mọ ohun tí àbúrò rẹ̀ fi po tirẹ̀, nítorí kò béèrè. Ó ní òun kò mọ̀.

Ìdáhùn náà tẹ́ iwin náà lọ́rùn. Ó ní àwọn mẹ́rin tí òun pa ní ọ̀sẹ̀ náà, gbogbo wọn ló mọ ohun gbogbo. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò, ó sì gbé e ká imú rẹ̀. Imú kìíní ní ewé tábà etí odò ni. Ìkejì ní oyin ìgàn. Ìkẹta ní èèpo ọsàn tí wọ́n sá sórí òrùlé. Ìkẹrin ní ẹ̀ẹ̀rù. Ìkarùn-ún ní ewé efinrin, ìkẹfà ní ẹmu ọ̀pẹ díẹ̀. Imú keje, èyí tí ó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, mí èémí wọlé fún ìgbà pípẹ́. Ó ní èéfín ni. Ó ní èéfín ilé ìdáná kan ni, níbi tí wọ́n ti ń yan ẹran láti bí ogójì ọdún, tí ògiri rẹ̀ sán ní apá òsì, tí obìnrin kan sì ti máa ń ro ẹ̀kọ níbẹ̀ rí.

Ọdẹ́jìnmí mọ ilé ìdáná náà. Ti ìyá wọn ni, òun ló sì jogún rẹ̀. Ó wá rántí pé ní oṣù mẹ́ta ṣáájú ọdún yẹn, Ajíṣafẹ́ ń wá síbẹ̀ ṣáá, ó ní òun wá fọn iná ni. Ewé tábà ló ń so mọ́ àjà ibẹ̀, kí òórùn ilé ìyá wọn lè wọ̀ ọ́ lára. Ta ni ì bá mọ òórùn náà bí kò ṣe àwọn méjèèjì? Fún òun nìkan ni Ajíṣafẹ́ ṣe po tábà náà. Iwin náà ki ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ bọ imú, ó gbé ìka kúrò lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n Ọdẹ́jìnmí kò dìde. Ó ní ó pẹ́ kí òun tó lè dìde.

Ìlú tí ó dé lẹ́yìn igbó náà ni Ìlú Àbámọ̀. Gbogbo ará ibẹ̀ ló kọ ojú sí ẹ̀yìn, ẹ̀yìn ni wọ́n ń rìn sí, wọ́n sì ń kọlu ara wọn ní gbogbo ìgbà. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n. Wọ́n fún Ọdẹ́jìnmí ní omi, wọ́n fún un ní yàrá. Ní àràárọ̀ wọn a péjọ sí gbàgede, olúkúlùkù a sì sọ ohun tí ó ṣe tí ó ń dùn ún. Ẹni tí ó bá sọ tirẹ̀ tí ó pa àwọn ènìyàn lẹ́kún, òun ni wọn yóò bọ́ jù ní ọjọ́ náà.

Nígbà tí ó kan Ọdẹ́jìnmí, ó sọ ti Ajíṣafẹ́. Gbogbo gbàgede sunkún. Ní ọjọ́ kejì wọ́n ní kí ó tún un sọ. Ní ọjọ́ kẹta wọ́n gbé àga fún un. Kí oṣù méjì tó pé, wọ́n ti fi í jẹ oyè, ó ti ń bu tábà fún àwọn ìjòyè ibẹ̀ bí ó ti ń ṣe nílé, ara sì tù ú. Ó tù ú gan-an, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ó ní láti ìgbà tí àbúrò òun ti kú, ibẹ̀ ni òun ti kọ́kọ́ sùn dáadáa.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó ń sọ ọ́ lọ, ó dé ibi tí Ajíṣafẹ́ ti dọ̀bálẹ̀, ó sì gbọ́ tí ẹnu ara rẹ̀ ń sọ pé òun gba àdó náà, òun gbé e sí imú, òun kàn bá a wí díẹ̀ ni. Àwọn ènìyàn ń sunkún bí ìṣe wọn. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé ó ti yàtọ̀ sí ti àná. Òun nìkan ló mọ̀. Ó wá ronú padà, ó rí i pé láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni òun ti ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Ó ti yọ ẹsẹ̀ tí ó fi tẹ tábà náà kúrò. Ó ti yọ ẹ̀rín àwọn ènìyàn kúrò. Bí ó bá tún lo oṣù kan sí i, Ajíṣafẹ́ ni yóò jẹ̀bi. Ó fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ọrùn náà ti ń yí lọ sí ẹ̀yìn.

Ó sọ oyè sílẹ̀, ó sáré dé ẹnubodè. Aṣọ́bodè ní àwọn kì í dá ènìyàn dúró, ṣùgbọ́n kí ó kọ́kọ́ sọ ohun tí ó ṣe, kí ó sọ ọ́ bí ó ṣe rí. Òógùn bò ó. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni ilẹ̀kùn kọ̀ tí kò ṣí. Lẹ́ẹ̀kẹrin ó ní, "Àbúrò mi po tábà fún mi. N kò tọ́ ọ wò. Mo dà á sílẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, mo bú u lójú àwọn ènìyàn, ó sì kú." Ilẹ̀kùn ṣí. Nígbà tí ó jáde tí ó wo inú àpò, ohun tó kù kò ju èyí tí yóò kún ìkòkò tábà kan lọ.

Mo fo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìyà tó jẹ lẹ́yìn ìyẹn. Oòrùn méjì ló ń ràn níbì kan, òkúta ń bá a sọ̀rọ̀ níbòmíràn. Ó ṣáà dé etí odò kan tí omi rẹ̀ funfun bí omi ògì, ìlú àwọn òkú sì wà ní òdìkejì rẹ̀, ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá arúgbó kan ń fọ igbá létí odò náà. Ọdẹ́jìnmí kúnlẹ̀ kí i, ó sì ro ẹjọ́ rẹ̀ fún un.

Ìyá náà gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó ní òun mọ Ajíṣafẹ́, ó wà níbẹ̀, ara rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n ó ní gbogbo òkú tí ó bá kọjá lórí omi náà ló ń mu nínú rẹ̀, omi náà sì máa ń fọ ohun tí ó bá dá ọgbẹ́ sí wọn lọ́kàn kúrò, kí wọ́n lè sinmi. "Ohun tí ó fọ̀ kúrò lọ́kàn Ajíṣafẹ́ ni ìwọ," ni ó wí. "Bí o bá sọ ẹni tí o jẹ́ fún un, yóò rántí rẹ. Ọjọ́ ọdún yẹn náà yóò sì padà bá ọ wọlé, omi yìí kì í sì í fọ nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Títí ayé ni yóò máa jókòó tì í."

Ọdẹ́jìnmí bi í bóyá kò sí ọ̀nà mìíràn. Ó ní kò sí. Ó tọ́ka ilé kan ní òdìkejì fún un, ó sì tún dojú kọ igbá rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí la odò náà kọjá láìmu nínú omi rẹ̀.

Ajíṣafẹ́ jókòó ní ẹnu ọ̀nà ilé náà, ó ń fi imọ̀ ọ̀pẹ hun agbọ̀n. Nígbà tí ó rí Ọdẹ́jìnmí, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọmọ dáadáa ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Ó gbé àpótí fún un. Ó bi í bóyá ọ̀nà jìn. Ọdẹ́jìnmí ní ó jìn díẹ̀.

Ó ń wò ó. Ojú rẹ̀ mọ́ bí ojú ọmọdé, kò sí ìhunjọ kankan níwájú orí rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí ní òun gbé nǹkan wá fún un. Ó bu tábà tí ó kù sínú ìkòkò tábà rẹ̀, gbogbo rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò rọra tẹ̀ ẹ́, ó sì ṣá iṣáná. Kò ràn. Ó tún ṣá òmíràn. Ó ṣá a títí igi iṣáná fi tán nínú páálí, kò sí èyí tí ó mú iná wá. Ajíṣafẹ́ rọra sọ fún un pé iná kì í ràn níbẹ̀, tútù ni àwọn ń jẹ oúnjẹ àwọn. Ó ní kí ó má dà á láàmú, kí ó jẹ́ kí òun gbà á bẹ́ẹ̀.

Ó gba ìkòkò tábà náà, ó gbé e sí imú, ó mí sínú. Ó tún mí sínú. Lẹ́yìn náà ó fi í sí ẹnu, ó fa afẹ́fẹ́ tútù láti inú rẹ̀, ó sì gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí ń gbọ́ orin láti ọ̀nà jíjìn.

"Ta ló po èyí?"

"Àbúrò mi ni."

"Ọwọ́ rẹ̀ dára o. Ṣé ẹ ti sọ fún un?"

Ọdẹ́jìnmí ya ẹnu. Orúkọ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ohun tí ó tìtorí rẹ̀ la gbogbo igbó yẹn kọjá kò ju ọ̀rọ̀ kan péré lọ, ẹni tí ó ni í sì jókòó síwájú rẹ̀. Ó wo iwájú orí tí kò hunjọ yẹn. Ó rántí bí Ajíṣafẹ́ ṣe rí nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ mú àdó rẹ̀ láàárín ẹ̀rín àwọn ènìyàn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Rárá," ni ó wí.

"Ẹ sọ fún un, bàbá. Ẹni tí ó bá ṣe irú èyí, yóò ti máa retí kí ẹ sọ fún un."

Ọdẹ́jìnmí ní ó dára gan-an ni. Ó ní kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo ayé, òun sì ti mu tábà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ń sọ ọ́, ó ń tún un sọ, Ajíṣafẹ́ sì ń mi orí fún un pẹ̀lú sùúrù, bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọ́ ìyìn ọmọ ẹlòmíràn. Nígbà tí ó yá, Ọdẹ́jìnmí bi í bóyá ó ní ẹ̀gbọ́n. Ajíṣafẹ́ rò ó díẹ̀, ó ní rárá, òun nìkan ni ìyá òun bí. Ó ní òun ní ìyàwó kan nílé ayé tí ń jẹ́ Àwẹ̀ró, obìnrin tí ó máa ń kọrin bí ó bá ń gbálẹ̀. Ó ní bí bàbá náà bá lè rí i, kí ó bá òun kí i.

Ọdẹ́jìnmí jókòó síbẹ̀ títí ìyá arúgbó fi ké sí i láti etí odò. Nígbà tí ó bojú wẹ̀yìn, Ajíṣafẹ́ ti gbé ìkòkò tábà náà sí ẹnu, ó ń hun agbọ̀n lọ, ó ń fa afẹ́fẹ́.

Ẹ má bi mí bí ó ṣe padà dé. Òun náà kò rántí. Ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ ló ti kọjá nílé, ọjọ́ tí ó sì wọ Òkè-Ìgbín bọ́ sí ọjọ́ ọdún ọdẹ gan-an. Àwọn ọdẹ wà lábẹ́ igi ọsàn, wọ́n ti jẹun tán. Nígbà tí wọ́n rí i, wọ́n hó yè, wọ́n sì na ìkòkò tábà wọn sí i láti ibi tí wọ́n jókòó, ìkòkò òfìfo bí ogún, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ó kí wọn, ó gba iwájú wọn kọjá. Olúọdẹ pè é, kò dúró.

Àwẹ̀ró wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó rí i, ó dìde, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì gbé ìjókòó fún un. Ọdẹ́jìnmí jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán an fún un. Ó ní Ajíṣafẹ́ kí i, ó sì rántí orin tí ó máa ń kọ bí ó bá ń gbálẹ̀. Obìnrin náà fi etí aṣọ bo ojú. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́, baba wa? Kí ló sọ fún yín?"

Ní gbogbo ọ̀nà ni ó ti ń ro ohun tí yóò sọ bí ó bá bi í ní ìbéèrè yìí. Ó ti pinnu pé òun yóò ní Ajíṣafẹ́ ti dárí jì òun. Ó wo ojú rẹ̀, kò lè sọ ọ́.

"Kò mọ̀ mí mọ́, Àwẹ̀ró. Ó ní òun kò ní ẹ̀gbọ́n."

Àwẹ̀ró bi í bóyá kò sọ ẹni tí ó jẹ́ fún un. Ó ní òun kò sọ. Ó sọ ìdí rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Láti ọ̀nà jíjìn wọ́n ń gbọ́ bí àwọn ọdẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ ìbínú sí ara wọn lábẹ́ igi ọsàn, nítorí wọn kò rí ohun fi sí ẹnu. Àwẹ̀ró kò dá a lẹ́bi, kò sì tù ú nínú. Ó fa ọpọ́n kan jáde, ó da ìlàjì ẹ̀gúsí náà sínú rẹ̀, ó tì í sí iwájú rẹ̀. Ọdẹ́jìnmí mú ẹyọ kan, ó bó o. Ó mú òmíràn. Ibẹ̀ ni àwọn méjèèjì jókòó sí títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n jọ ń bó ẹ̀gúsí.

Ohun tí ó sọ fún mi nìyẹn, mo sì ti sọ ọ́ fún yín bí ó ṣe rí. Ẹnu ti rẹ̀ mí. Ẹ dìde, kí olúkúlùkù máa lọ bá àwọn ènìyàn rẹ̀.